Lẹ́tà lọ́yà tó kọ́ mi lọ́gbọ́n: bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà orúkọ oníṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

1/
Lọ́dún tó kọjá, mo pe télọ̀ kan ní olè lórí ìkànnì yìí. Mo kọ orúkọ ẹ̀, mo gbé fọ́tò ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi ló ní obìnrin náà gba owó aṣọ ìgbéyàwó òun, kò sì rán an. Inú bí mi, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin náà bá mi pín in dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́tà lọ́yà wọlé.

2/
Àṣé aṣọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni ò tíì san owó tó kù. Nǹkan mẹ́ta ni lọ́yà béèrè: kí n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí n tọrọ àforíjì níbi tí mo ti bà á jẹ́, kí n sì san owó gbà-má-bìnú nítorí àwọn oníbàárà tó ti kó aṣọ wọn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Àyà mi já. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

3/
Òfin ìbanilórúkọjẹ́ tí à ń lò ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ọdún 1863 ni wọ́n mú òfin wọn wọ Èkó. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí: èyí tí wọ́n fẹnu sọ, àti èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ẹnu, o gbọ́dọ̀ fi hàn pé o pàdánù nǹkan. Tó bá jẹ́ ti kíkọ, wọn ò ní bi ọ́ ní ìyẹn kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ.

4/
Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ti ẹnu náà kì í fi nílò ẹ̀rí àdánù: tí ọ̀rọ̀ náà bá kan iṣẹ́ ẹni. Bí wọ́n bá ní dókítà kan ò mọ iṣẹ́, tàbí pé lọ́yà kan ń kó owó oníbàárà jẹ. Àwọn adájọ́ ayé àtijọ́ mọ̀ pé ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun, orúkọ ẹ̀ gan-an lọjà tó ń tà.

5/
“Mi ò mọ̀” ńkọ́? Ní 1908, ìwé ìròyìn Sunday Chronicle ní England kọ ìtàn yẹ̀yẹ́ nípa ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Artemus Jones, tó ń gbádùn ara ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó ẹ̀. Wọ́n ní àwọn kàn fi orí ara àwọn hùmọ̀ orúkọ yẹn ni. Àṣé lọ́yà kan wà láyé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀! Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san £1,750. Wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n tún pàdánù.

Ibi tí mo ka èyí dé, mo pa fóònù dé fún ìgbà díẹ̀. Èmi náà “ò mọ̀” o.

6/
Ó wá kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan lára àwọn ẹjọ́ tó kọ́kọ́ wáyé, Ọsirélíà ni. David Rindos jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣẹ̀dá àti àṣà ẹ̀dá ní yunifásítì kan ní Perth. Yunifásítì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń jà fún un lórí pátákó ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ìwádìí kọ́ ló gbé e dé ipò tó wà, ó sì tún fi ẹ̀sùn ìṣekúṣe kàn án.

7/
Ẹ wo àwọn tó ń ka pátákó yẹn: àwọn onímọ̀ bíi tiẹ̀ káàkiri ayé, àwọn gan-an tó lè gbà á síṣẹ́ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún dé egungun. Ní 1994, ilé-ẹjọ́ gíga Western Australia ní kí ẹni tó kọ ọ́ san $40,000 owó Ọsirélíà fún un. Rindos ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ó kú ní 1996.

8/
Tí o ò bá wá mọ ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Ní January 1997, ẹnì kan fi orúkọ Laurence Godfrey, olùkọ́ físíìsì ní England, kọ ọ̀rọ̀ burúkú síta bíi pé òun ló kọ ọ́. Godfrey kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ Demon Internet pé kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ní 1999, adájọ́ ní látọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀, wọn ò lè ní kò kan àwọn mọ́. Wọ́n san £15,000 àti owó lọ́yà láti yanjú ẹ̀.

(Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì ni: òfin 1996 kan ní ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ mú, kì í ṣe ẹni tó ni ìkànnì.)

9/
Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Chris Cairns, agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ New Zealand. Ní 2010, ẹnì kan tweet pé ó ń ta ìdíje. Nǹkan bí èèyàn 65 péré ló kọ́kọ́ kà á. Márùndínláàádọ́rin! Síbẹ̀ ní 2012, ilé-ẹjọ́ ní England fún un ní £90,000. Wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, owó náà ò dín. Àwọn adájọ́ ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í dúró síbi tí wọ́n sọ ọ́ sí, ńṣe ló ń rìn lọ. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ṣáájú wọn: ẹyin lọ̀rọ̀.

10/
Nílé ńkọ́? O lè pe ẹjọ́ sí ilé-ẹjọ́ gíga, kí o béèrè owó gbà-má-bìnú, àforíjì, àti àṣẹ pé kí ẹni náà má sọ ọ́ mọ́. Àwọn mìíràn máa ń gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Apá 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 lè fi èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó san tó ₦7 mílíọ̀nù. Wọ́n fi mú àwọn akọ̀ròyìn títí ilé-ẹjọ́ ECOWAS fi ní kí Nàìjíríà tún un ṣe ní 2022. Wọ́n tún un ṣe ní 2024. Lójú tèmi, ẹ̀wọ̀n kì í tún orúkọ ẹnikẹ́ni ṣe.

11/
Tí wọ́n bá ṣe é sí ẹ: má bú wọn padà. Tọ́jú link, ọjọ́ àti aago, kọ orúkọ àwọn tó rí i sílẹ̀. Screenshot nìkan ò tó o: apá 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tó ti jáde. Tètè rí lọ́yà, ẹjọ́ yìí ní gbèdéke.

Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ kọ̀wé: òtítọ́ tí o lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ máa gbà ọ́. “Aṣọ mi fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, kò wù mí,” kò sí wàhálà. “Olè ni,” ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

12/
Mo pa tèmi rẹ́. Mo tọrọ àforíjì, mo sanwó díẹ̀díẹ̀. Mo sì lọ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Màmá télọ̀ ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Àwọn tó ti kó aṣọ wọn lọ ńkọ́, ta ló máa lọ bá mi sọ fún wọn?”

Mi ò rí èsì fún wọn. Èèyàn díẹ̀ ló ka àforíjì yẹn. Torí náà ni mo ṣe kọ eléyìí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ẹ bá mi pín irọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pín èyí náà.