Aáyù àti Awọ Ara: Ohun Tí Ìtàn Fi Lé Wa Lọ́wọ́

  

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn oògùn kan nínú ìṣègùn àwọn Mùsùlùmí. Mo mú aáyù. Ẹlòmíràn lè ní, kí ló kan lemọ́ọ̀mù kan aáyù? Ìdí rẹ̀ ni pé láti Mọ́níyà dé Ìyànà-Ọ̀fà, láti Ẹgbẹ́dá títí dé Akanran, mi ò ráyè ṣe wáàsí kí n sì lọ sílé láìjẹ́ pé ẹnì kan bi mí nípa rẹ̀. Wọ́n á ní, "Áfáà, ṣé lóòótọ́ ni Ànábì ní kí á máa fi aáyù pa làpálàpá?" Àwọn ọ̀dọ́ ń fi í pa ìrorẹ́ ojú, àwọn ìyá ń fi í pa eéwo ọmọ. Àwọn mìíràn ń gún un, wọn a sì dì í mọ́ kókó tó bá yọ sí wọn lára. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ọbẹ̀. Ó ti kan awọ ara, ó ti kan ìlera ọmọ wa, ó sì ti kan orúkọ Ànábì (s.a.w.). Ẹ jẹ́ kí á tọ ìtàn lọ, kí á gbọ́ ohun tí ó ń wí.

BÍ AÁYÙ ṢE PẸ́ TÓ LÁYÉ

Àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn sọ pé àárín gbùngbùn Éṣíà ni aáyù ti ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé Ṣáínà, Íńdíà, ilẹ̀ Páṣíà àti Íjíbítì. Nígbà tí Howard Carter ṣí ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì kan, ní ọdún 1922, aáyù wà lára ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ọba náà ti lò ju 3,200 ọdún lọ nínú ilẹ̀ nígbà náà.

Ẹ ó sì rántí ohun tí ó wà nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 61, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti lọ bá Ànábì Mûsá pé oúnjẹ kan ṣoṣo ti sú àwọn, pé ohun tí ilẹ̀ ń hù ni àwọn ń fẹ́. Lára ohun tí wọ́n dárúkọ ni èyí tí Lárúbáwá pè ní fūm. Àwọn onítumọ̀ kan ní aáyù ni, àwọn mìíràn ní àlìkámà ni. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, oúnjẹ ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, wọn ò béèrè oògùn.

OHUN TÍ Ó FẸSẸ̀ MÚLẸ̀ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÀNÁBÌ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí sí mi gan-an. Ní ọdún keje Híjírà, tí í ṣe ọdún 628, nígbà tí Khaybar bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, ebi ń pa wọ́n. Wọ́n bá aáyù lóko, wọ́n jẹ ẹ́ yó, wọ́n sì gba mọ́sáláásí lọ. Ànábì gbóòórùn rẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó bá jẹ ẹ́ má ṣe súnmọ́ mọ́sáláásí. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé aáyù ti di hàràámù. Ó ṣàlàyé fún wọn pé òun kò lè sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláálì di hàràámù, òórùn rẹ̀ ni òun kò fẹ́. Abu Sa'id al-Khudri ló sọ ọ́, ó sì wà nínú ìwé Imam Muslim.

Nínú ìwé kan náà ni ọ̀rọ̀ Abu Ayyub wà, ẹni tí Ànábì dé sí ilé rẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Ó gbé oúnjẹ tó ní aáyù fún Ànábì, Ànábì kò jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ba Abu Ayyub, ó béèrè bóyá hàràámù ni. Ìdáhùn tó gbà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Sàábé Umar náà, nínú khutubah kan, gba ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ nímọ̀ràn pé kí ó sè é kí òórùn rẹ̀ kú.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ẹni tí a jọ to sáfù ni gbogbo èyí. Ànábì ń ṣọ́ imú ẹnìkejì wa, kí ìjọsìn má baà ni í lára. Kò sí làpálàpá níbẹ̀, kò sí ìrorẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá wá ní Ànábì ló ní kí á fi pa ara, kí ó mú ẹ̀rí wá. Gbogbo wa la sì mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó bá parọ́ mọ́ Ànábì ṣe tóbi tó.

ÀWỌN ONÍMỌ̀ ÌṢÈGÙN ÌGBÀ NÁÀ

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ awọ ara ti wọlé? Láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni. Ibn Sina, tó kú ní ọdún 1037, sọ̀rọ̀ aáyù nínú Al-Qanun. Ibn al-Qayyim ará Damásíkù, tó kú ní ọdún 1350, náà kọ nípa rẹ̀ nínú Zad al-Ma'ad, ní apá tí wọ́n máa ń tẹ̀ jáde lọ́tọ̀ tí à ń pè ní At-Tibb an-Nabawi.

Ẹ wo bí bàbá yìí ṣe tò ó. Ó kọ́kọ́ mú hádíìsì wá, ti sísè rẹ̀ àti ti Abu Ayyub. Lẹ́yìn náà ló wá ka ohun tí àwọn oníṣègùn rí nínú rẹ̀. Ó ní aáyù gbóná dé ìwọ̀n kẹrin, ìyẹn sì ni òpin ìwọ̀n lọ́dọ̀ wọn. Ó ní bí wọ́n bá fi oyin pò ó tí wọ́n fi pa bahaq, ó máa ń ṣe é láǹfààní. Bahaq yìí ni àbàwọ́n tó máa ń yọ sára. Kò sì dákẹ́ síbẹ̀: ó ka ìpalára aáyù náà sílẹ̀, pé ó máa ń fa ẹ̀fọ́rí, pé kò dára fún ojú, pé ó máa ń mú òùngbẹ wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ ìwé yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á rí "ìṣègùn Ànábì" lára èèpo ìwé, wọ́n á rò pé gbogbo ìlà inú rẹ̀ ni hádíìsì. Ẹni tó kọ ọ́ kò dà á pọ̀. Hádíìsì wà láyè rẹ̀, ìrírí oníṣègùn wà láyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ náà wà lójú ewé kan náà. Àwa tí à ń kà á lónìí ni a mú àǹfààní, tí a fi ewu sílẹ̀.

BÍ Ó ṢE DÉ ÀGBÈGBÈ WA

Òkè Ọya ni aáyù ti máa ń bá wa wá. Ibi tí òtútù ọyẹ́ wà, tí ilẹ̀ gbẹ, tí wọ́n sì lè bomi rin oko, ni ó ti ń ṣe dáadáa. Hausa ń pè é ní tafarnuwa. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, kí ọdún 1912 tó parí ó ti dé Kano. Obì gbànja ilẹ̀ wa ń gòkè lọ, ẹrù Òkè Ọya ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 1916 ni wọ́n dá Sábó Ìbàdàn sílẹ̀ fún àwọn Hausa. Lóde òní, ẹni tó bá ń wá àlùbọ́sà àti aáyù á gba Bódìjà lọ, tàbí ọjà Ṣáṣá ní Akínyẹlé. Láti ibẹ̀ ni àwọn alátẹ ti ń gbé e lọ sí àwọn ọjà oko wa gbogbo.

Àwọn ará oko wa kò sì jókòó láìní oògùn awọ tiwọn. Wọ́n ní ọṣẹ dúdú, tí àwọn ìyá wa ń fi eérú èèpo kòkó sè. Wọ́n ní òrí, wọ́n ní àdín. Fún làpálàpá, wọ́n ní ewé asunwọ̀n. Àlejò ni aáyù láàrin àwọn wọ̀nyí. Àlejò náà wá gbayì ju onílé lọ, nítorí pé wọ́n ní ẹ̀sìn ló mú un wá.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ÌSINSÌNYÍ RÍ

Mi ò sọ pé kò sí agbára nínú aáyù o. Ní ọdún 1858, Louis Pasteur, ará Faransé, ṣàkíyèsí pé omi aáyù máa ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ní ọdún 1944, Chester Cavallito àti John Bailey ní Amẹ́ríkà yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà jáde, wọ́n pè é ní allicin. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé kò sí nínú ẹyọ aáyù tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ohun méjì wà nínú rẹ̀ tí Ọlọ́hun yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tí a bá gún un tàbí gé e ni wọ́n tó pàdé, tí allicin yóò fi jáde, tí òórùn yóò sì gba ilé kan.

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ní Venezuela tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Ohun mìíràn tó ń ti ara aáyù wá, tí à ń pè ní ajoene, ni wọ́n fi ṣe ìpara fún àwọn 34 tó ní àìsàn àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, èyí tó bá làpálàpá tan. Láàrin ọjọ́ 7, ara àwọn 27 ti yá pátápátá; àwọn 7 tó kù tún lò ó fún ọjọ́ 7 sí i, ara tiwọn náà sì yá. Ẹ kíyè sí i: ajoene tó wà nínú ìpara náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, 0.4 péré ni. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n pò ó. Wọn ò gún aáyù tútù lé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Ohun tó ń pa kòkòrò yẹn náà ló ń jó awọ ara. Àwọn dókítà ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ti kọ̀wé nípa àwọn tí aáyù tútù bó lára, pàápàá àwọn tí wọ́n dì í mọ́ra fún wákàtí púpọ̀, àti àwọn ọmọ ọwọ́ tí awọ wọn ṣì rọ̀. Mo ti fojú ara mi rí ọmọ kan ní oko kan ní Lágelú, tí wọ́n dì í mọ́ lẹ́sẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹsẹ̀ náà ti lé roro bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Ṣé ẹ rántí ìwọ̀n kẹrin tí Ibn al-Qayyim sọ? Ohun tí ó ń wí náà nìyẹn.

KÓKÓ TÍ KÒ DUNNI

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Ní ọdún 1965 wọ́n sé odò kékeré kan nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó di adágún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òyìnbó kan tó ń gbé inú ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní egbò burúkú kan, àwọn dókítà sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Buruli ni orúkọ àìsàn náà. Kókó kékeré tí kò dunni ló sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á là, á di egbò gbàgàdà, ó lè jẹ dé eegun. Bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn tí wọ́n ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ̀tẹ̀ náà ńkọ́? Àbàwọ́n tí kò mọ ìrora ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1995 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ń rí sí i pé oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tó gbọ́ pé aáyù dára fún àbàwọ́n, tó ní àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ lára, á máa pa aáyù. Ara tí kò mọ ìrora kò ní mọ̀ bí aáyù bá ń jó o. Oṣù á máa gorí oṣù. Ohun tí ìbá ti tètè san á wá sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara.

Ìdí nìyí tí hádíìsì kan, tó wà nínú ìwé Abu Dawud, fi ṣe pàtàkì fún wa: ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ náà, òun ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, àwa tí à ń gun mínbárì. Bí a bá ti ẹnu wa sọ oògùn, tí awọ ọmọ ọlọ́mọ bó, ọrùn wa ni.

Nítorí náà, ẹ fi aáyù sọ́bẹ̀, ẹ sè é kó jinná, ẹ má sì fi òórùn rẹ̀ ni ará Jímọ́ọ̀ lára. Ẹ má ṣe gún un tútù sójú, ẹ má fi sára ọmọdé, ẹ má fi sójú egbò, ẹ má dì í mọ́ra sùn. Bí ó bá ti ń ta yín, ẹ tètè fi omi ṣàn án. Làpálàpá tí kò lọ, kókó tí kò dunni, àbàwọ́n tí kò mọ ìrora, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Ẹni tó lọ síbẹ̀ kò kúrò nínú sunna, nítorí Ànábì ló ní kí á máa wá ìwòsàn.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní, kí Ó ṣọ́ ahọ́n wa, kí Ó sì fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín. Wassalāmu alaykum.