Táyà Wo Ló Yẹ Ọ̀nà Yìí? Ẹ̀kọ́ Paris sí Brest, 1891

Ọ̀rọ̀ táyà kẹ̀kẹ́ la mú wá lónìí.

Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tó ní atẹ́gùn nínú. Kó tó dìgbà yẹn, rọ́bà gbagidi ni. Gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ló ń wọ eegun. Táyà Dunlop tu ara, àmọ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ríìmù. Tó bá jò, ọ̀pọ̀ wákàtí ni àtúnṣe ń gbà.

Ibẹ̀ ni àwọn Michelin, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní ilẹ̀ Faransé, gbà wọlé. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de tiwọn; ẹni tó ń gùn ún lè tú u fúnra rẹ̀.

Ní September 1891, èèyàn tó lé ní 200 gbéra láti Paris lọ sí Brest, àlọ àtàbọ̀, bíi 1,200 kìlómítà, lórí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Charles Terront gun Michelin, Jiel-Laval gun Dunlop. Terront ló gbégbá orókè, láàárín wákàtí 71 àti díẹ̀. Kì í ṣe táyà nìkan o: ìgbà tí Jiel-Laval ń sùn ni Terront kọjá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti orí ọ̀dà bọ́ sórí yangí, táyà tó fẹ̀, tí atẹ́gùn rẹ̀ ò le jù, ló máa gbà yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín: tó bá jò níbi tí kò sí fọkanáísà, ṣé ẹ lè tún un ṣe?