Kì í Ṣe Mọ́ọ̀tì Kan Ṣoṣo

Níbi ìdána kan ní Àpòmù, ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé gbé ìgò wisikí kan lé orí ẹrù ìyàwó. Alága ìjókòó gbé e sókè, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó sì kéde: "Ẹbí wa, single malt rèé o! Mọ́ọ̀tì kan ṣoṣo!" Ni ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó bá fò dìde: "Kan ṣoṣo kẹ̀? Páálí mẹ́fà la kọ sínú líìsì!" Ẹ̀rín pa gbogbo abẹ́ àtíbàbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì mí wá ní kí òun tún un ṣe. Ó ní bí ó ṣe yẹ kí wọ́n pè é ni "ohun mímu olóró oníhóró-ẹyọ-kan aláìlábùlà". Èyí ló bí mi nínú.

Olóró? Ejò ló lóró, oògùn tí NDLEA ń lé kiri náà lóró. Àbùlà ńkọ́? Àwa ará Ọ̀ṣun mọ ohun tó ń jẹ́ àbùlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "aláìlábùlà" á rò pé wọ́n fi àmàlà du òun ni. Kí á ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ dára, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ bi àwọn tí ọwọ́ wọn ń ṣe iṣẹ́ náà léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó rọrùn kò gba ariwo. Àgbá ni ohun onígi tí ọtí ń gbé, kí á ṣáà fi àmì sí i kó má baà di àgbà. Ẹni tó da omi díẹ̀ sí i ti bomi là á. Wisikí fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ wisikí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an yá a ni: uisge beatha, omi ìyè, làwọn ará Skọ́tlándì ń pè é ní èdè Gaelic. Gẹ̀ẹ́sì gé e sí méjì, ó mú omi, ó fi ìyè sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ká máa pè é ní omi ìyè, kó lọ bá àwọn pásítọ̀ Ìkirè sọ ọ́ ná.

Orí mọ́ọ̀tì ni ìjà wà. Létí wa, mọ́ọ̀tì ni ohun dúdú aládùn inú ìgò tí ọmọdé àti aláboyún ń mu. Ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ́kọ. Ohun tí àwọn ará Skọ́tlándì ní lọ́kàn ni ọkà báálì tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ títí tó fi hù, tí wọ́n wá fi ooru dá dúró. Àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: wọ́n á rẹ ọkà, wọ́n á fi ewé bò ó, á hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Hù, kí o sì sá a: àhùsá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ó gún régé lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ sókè ní gáréèjì Ìkirè, awùsá ni wọ́n máa wọ̀n fún yín.

Èéhù ló kù. Àwọn kan á ní ohun tó yọ lára hóró ni èéhù, hóró gan-an kọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ owó orí là ń pe owó orí, gbogbo ara ló sì ń san án. Èéhù báálì ni wọ́n ní kí wọ́n kó fún ẹlẹ́sìn kan, John Cor, ní 1494, nígbà tí ìwé ìṣirò owó ọba Skọ́tlándì kọ́kọ́ mẹ́nu ba irú ọtí yìí.

"Kan ṣoṣo" náà kò bá hóró tan. Fún single malt, òfin wisikí Skọ́tlándì ti 2009 ní èéhù báálì nìkan, ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ti sè é, ó kéré tán ọdún 3 nínú àgbá igi óákù, agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdá 40 nínú 100. Ọtí àgbá púpọ̀ lè pàdé nínú ìgò kan, bí wọ́n bá ṣáà ti ibì kan náà wá. Àwọn elépo àti amọ̀kòkò ní orúkọ fún irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹbu. Ọtí èéhù ẹbu kan. Ẹ fi ẹnu wò ó, kò gùn ju ti òyìnbó lọ títí.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní ẹbu náà? "Pọn" kò tó, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà là ń pọn. Ẹ wo ẹni tó ń se ògógóró: ó da ògùrọ̀ tó ti kan sínú dúrọ́ọ̀mù, ó dáná sí i, ooru gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, ó ń kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ó sè é, ó kán: sèkán. Ìsèkán ni iṣẹ́ náà, ọtí àsèkán ni ògógóró, jíìnì àti wisikí. Látìnì tí Gẹ̀ẹ́sì ti mú tirẹ̀, distil, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, stilla ni ẹ̀kán omi. Mo rò pé ohun tí kò jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ yìí tètè dé inú ìwé ni àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ní Saint-Germain-en-Laye ní 1919, tó ka sísè ọtí líle léèwọ̀ ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ògógóró sá wọ igbó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá a wọ igbó. Kìkì kí ẹ má fi àmì ṣeré: ọtí kíkan ni wọ́n fún Jésù lórí àgbélébùú, ọtí kíkán ni èyí.

Ti ọdún inú àgbá, gbó ni mo fara mọ́. Ẹmu kò lè kọ́ wa, ẹmu àná ti kan. Ẹ bi àwọn onídòdò Ìkirè. Wọ́n mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó, wọ́n mọ èyí tó pọ́n, wọ́n sì mọ èyí tó ti pọ́n kọjá, tí èèpo rẹ̀ dúdú, tó ń rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí ẹlòmíì á ti dà nù. Èyí ni wọ́n ń pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa. Ta ló tún fẹ́ bá wọn jiyàn lórí gbó?

Laphroaig ni ìgò Àpòmù yẹn, láti erékùṣù Islay. Bàbá kan tí kò mu irú ẹ̀ rí láyé bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fún ojú pọ̀: "Ó ta! Ó sì ń rùn bí ẹran ìgbẹ́ orí àjà." Ó tún na ife. "Ta" ni ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i, ohun tí ataare ń ṣe (ataare yìí náà ni òpìtàn Samuel Johnson kọ pé ó dá ìjà sílẹ̀ lọ́jà Àpòmù kí ogun Òwu tó bẹ́). Èéfín tí bàbá gbọ́ òórùn rẹ̀ wá láti inú ilẹ̀ àbàtà: ewéko tó ti rà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n gé, tí wọ́n sá, tí wọ́n fi ń dáná gbẹ èéhù. Ọ̀dọ́mọkùnrin mi ní ká pe ilẹ̀ yìí ní ẹrẹ̀ ìdáná. Mo kọ̀. Igi là ń fi dáná níhìn-ín, kò sí oníṣẹ́ kankan tí a fẹ́ bi léèrè. Píìtì ni kó máa jẹ́, kí ẹ sì fi àmì sórí rẹ̀.