Ọ̀rọ̀ kan tó ti inú ọ̀fun dé àyà

Bí ọ̀fun bá ń dun ọmọdé, tí kò lè gbé itọ́ mì, dókítà tó ń sọ èdè Faransé á ní "angine" ni. Bí àgbàlagbà bá ń gun òkè, tí àyà rẹ̀ wá fún pinpin, dókítà kan náà lè ní "angine de poitrine" ni. "Poitrine" ni àyà. Àìsàn méjèèjì kò bá ara wọn tan. Ọ̀fun ni ti àkọ́kọ́ wà. Ti èkejì, inú ọkàn ló ti ń wá, ó sì lè pani. Kí ló dé tí wọ́n fi jọ ń jẹ́ orúkọ kan?

Èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni orúkọ náà ti wá. Ní èdè yẹn, "angere" ni kí á fún nǹkan, bí ìgbà tí a bá fún ènìyàn lọ́rùn. Ibẹ̀ ni "angina" ti jáde, ìyẹn àìsàn ọ̀fun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa.

Ẹni tó gbé orúkọ náà wá sí àyà ni William Heberden, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1768, ó sọ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa ìrora kan tó ń mú ènìyàn láyà bó bá ń rìn, pàápàá bó bá ń gun òkè, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Bí ẹni náà bá dúró, ìrora á lọ. Heberden pè é ní "angina pectoris", ìyẹn fífún àyà. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1772.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ náà kò dárúkọ ọkàn. Ọkùnrin kan ka ìwé yẹn, ó rí i pé àìsàn òun gan-an ni. Ó kọ lẹ́tà sí Heberden, kò fi orúkọ sí i. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n la òkú òun wò, kí wọ́n lè mọ ìdí rẹ̀. Akọni ni lójú tèmi. Kò pẹ́ tó fi kú. John Hunter, oníṣẹ́ abẹ, la òkú náà, ṣùgbọ́n wọn kò wo àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn.

Nígbà tó yá, àìsàn náà mú Hunter fúnra rẹ̀. Edward Jenner, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó wá ṣe àjẹsára ìgbóná ní ọdún 1796, ti fura sí iṣan wọ̀nyẹn. Ó pa á mọ́ra, kí ẹ̀rù má baà ba ọ̀gá rẹ̀. Ní ọdún 1793, Hunter kú lójijì níbi ìpàdé kan tí wọ́n ti ń ṣe àríyànjiyàn. Wọ́n la òkú tirẹ̀ náà: iṣan ọkàn rẹ̀ ti le bí egungun.

Lónìí a mọ̀ pé bí iṣan yẹn bá dín, ẹ̀jẹ̀ kì í tó ọkàn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un. Ìyẹn ló ń fún àyà. Bí ìrora náà kò bá sì lọ lẹ́yìn ìsinmi, ilé ìwòsàn kíákíá ni.

Ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kì í tilẹ̀ pe "pectoris" mọ́: "angina" lásán ni, àyà ni wọ́n sì ń wí. Nítorí náà, bí ará Kétu bá kọjá sí Mẹ́kọ̀ ní Nàìjíríà, tí dókítà ibẹ̀ kọ "angina" sínú ìwé fún un, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fun. Kó mú ìwé náà wálé, kó sì sọ fún dókítà tiwa pé àyà ni.