Ilẹ̀ Ta Ni Ọ̀ràngún Jọba Lé? Ìlá-Yàrà àti Ìtàn Ogún Odùduwà

Nínú ìtàn ogún Odùduwà tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, ọba Ìbíní kó owó, Alákétu kó adé, Ọ̀ràngún Ìlá sì jogún àwọn ìyàwó. Nígbà tó fi máa kan Ọ̀rànyàn tó tẹ Ọ̀yọ́ dó, ilẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, ilẹ̀ yìí ló sì fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn yòókù. 1897 ni Johnson kọ ìwé náà parí, 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn òǹkọ̀wé kò sì yéé fi ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ìlá. Kò tọ́. Àwíjàre Ọ̀yọ́ ni ìtàn náà, kì í ṣe ẹ̀rí nípa Ìlá.

Ẹ̀rí Ìlá wà ní Ìlá-Yàrà, ahoro ibi tí àwọn Ọ̀ràngún ti jọba kí wọ́n tó tẹ ìlú tòní dó. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ yàrà tó yí ìlú náà ká ni wọ́n ń kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá inú, tí yóò fi di òkìtì. Ọ̀tá tó bá bọ́ sínú kòtò tún ní odi láti gùn. Èyí ju iṣẹ́ agbo ilé kan lọ: ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ ní láti lè pe ọkùnrin kúrò lóko, kó bọ́ wọn, kó sì yan ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu bodè. Aribidesi Usman, nínú The Yoruba Frontier (2012), wo ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Ìlá wà, bí ilẹ̀ ààlà. Mo gbà á dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ààlà ta ni? Lójú ẹni tó wà nínú yàrà, Ọ̀yọ́ ló wà lókèèrè.

Ìyàtọ̀ tó yẹ ká dì mú ni ti ẹ̀tọ́ adé àti ẹ̀tọ́ ilẹ̀. Adé ń bá ẹni rìn, ilẹ̀ kì í rìn. Nígbà tí ìjà oyè tú Ìlá-Yàrà ká, ọmọ ọba kan kó àwọn tirẹ̀ lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún, èkejì gba Òkè-Ìlá lọ, oyè kan náà sì ni àwọn méjèèjì gbé dání. Títí dòní, Ọ̀ràngún wà níhìn-ín, Ọ̀ràngún wà lọ́hùn-ún, òkè àti àfonífojì ló là wọ́n láàrin. Ṣùgbọ́n oko, odò àti ojú oórì àwọn baba kò ṣeé dì mọ́ ẹrù. Ní ibùdó tuntun, wọ́n ní láti ṣán igbó, kí wọ́n pín oko fún ìdílé, kí wọ́n tún ẹ̀tọ́ ilẹ̀ dá láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Ọ̀rànyàn ló ni gbogbo ilẹ̀, ọwọ́ ta ni wọ́n ti gba èyí? Johnson kò dáhùn.

 

Johnson kò ṣàìmọ Ìlá. Ó wà lára àwọn ìránṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin àwọn àgọ́ ogun Kírìjì kí àdéhùn àlàáfíà 1886 tó dé, Ìlá sì wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ ogun Èkìtìparapọ̀ tó ń bá Ìbàdàn, ìlú ọmọ Ọ̀yọ́, jà. Ìlú tó gbà pé orí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lòun ń gbé kì í jà bẹ́ẹ̀.

Ti ààlà tí òyìnbó fà láàrin Àríwá àti Gúúsù kò gba àlàyé púpọ̀: ó ti ọ̀pọ̀ Ìgbómìnà sọ́dọ̀ Ìlọrin, ó fi Ìlá sí Gúúsù, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì jogún rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1991.

Èrò mi ni pé Ìlá-Yàrà ti wà kí ìtàn ogún yìí tó wà. Kò sí ohun tí Ọ̀yọ́ ì bá fi ìtàn tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀ràngún ṣe, àfi bí Ọ̀ràngún bá ti ní ilẹ̀ tó tó dù.