Wíǹṣì: Irin Tó Gba Okùn Lọ́wọ́ Atukọ̀

Kò sí iṣẹ́ tó ń tán agbára àwọn atukọ̀ onígbòkun bí okùn fífà, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá ti kún inú ìgbòkun, ìyẹn aṣọ ńlá tó ń mú ọkọ̀ rìn, okùn tó dì í mú a le gbagidi, apá lásán kò sì ní lè fà á mọ́. Láyé àtijọ́, òpó kúkúrú kan máa ń dúró lórí àjà ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa fi ọ̀pá tì yípo, tí wọn a sì máa dárin sí i kí ẹsẹ̀ wọn lè bára mu, títí ìdákọ̀ró yóò fi gòkè. Òpó yìí ni baba wíǹṣì, ìlù irin kékeré tí a ń wé okùn mọ́, tí eyín jíà inú rẹ̀ sì ń sọ agbára díẹ̀ di púpọ̀.

Ẹni tí ìtàn wíǹṣì kò lè fò dá ni Nathanael Herreshoff, àgbà akànkọ̀ ará Bristol ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà. Òun ló kan Reliance, ọkọ̀ tó borí nínú ìdíje America's Cup ní ọdún 1903, nígbà tó fẹ̀yìn Shamrock III balẹ̀, ọkọ̀ Thomas Lipton, oníṣòwò tíì tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára páálí tíì títí di òní. Abẹ́ àjà ni Herreshoff kó wíǹṣì rẹ̀ sí. Síbẹ̀ ìgbòkun Reliance tóbi débi pé ènìyàn 64 ló ń tù ú.

Nígbà tí iná mànàmáná dé ìdí wíǹṣì, abẹ́ àjà náà ni wọ́n so ẹ̀rọ rẹ̀ rọ̀ sí, tí tọkọtaya tó ti dàgbà sì wá ń fi bọ́tìnì kan fa ìgbòkun ọkọ̀ wọn sókè. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ sùúrù sì ni: bí igi balsa bá wà láàárín àjà, ẹni tó lu ihò sí i gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù epoxy dí etí ihò náà, àìṣe bẹ́ẹ̀ omi yóò wọlé, igi yóò sì jẹrà. Ẹ̀rọ tó ń jẹ watt 1000 lára bátìrì volt 12 ń fa iná tó ju ampere 80 lọ, nítorí náà wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, kí fíùsì sì sún mọ́ bátìrì. Ẹ̀rọ kò sì mọ ìka yàtọ̀ sí okùn. Ọwọ́ ènìyàn máa ń mọ̀ ọ́n lára bí okùn bá há, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò máa fà á lọ ni.

Òfin ìdíje sọ pé agbára àwọn tó wà nínú ọkọ̀ nìkan ni kí a fi fa okùn, àfi níbi tí wọ́n bá yọ̀ǹda ẹ̀rọ, bí irú èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú America's Cup ní Valencia lọ́dún 2010. Lórí ọ̀pọ̀ wíǹṣì oníná, ojú ihò tí a ń ki ọ̀pá ìyí bọ̀ ṣì wà níbẹ̀, fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú lójú agbami.