Iṣẹ́ wíwá ìran: ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi ìtàn ìdílé ṣiṣẹ́ mọ̀

Kò sí agbolé kan lọ́dọ̀ wa tí kò ní ẹnì kan tí wọ́n ń sá tọ̀ lọ bí ọ̀rọ̀ ẹbí bá dojú rú. Òun ló mọ ẹni tó bí ẹni. Òun ló mọ ibi tí wọ́n sin òkú sí, òun náà ló mọ oríkì tí wọ́n ń ki ọmọ tuntun. Ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe é títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n níbòmíràn, iṣẹ́ tí ènìyàn ń jẹun lé lórí ni. Àwọn Faransé ń pe ẹni tó ń ṣe é ní généalogiste. Oríṣi méjì ni wọ́n: ọ̀kan ń bá notaire ṣiṣẹ́ láti wá àwọn ajogún ẹni tó ti kú, èkejì ń bá ìdílé tó fẹ́ mọ orírun rẹ̀ ṣe ìwádìí. Ṣé ọmọ wa náà lè ṣe é? Ó lè ṣe é, bó bá kọ́ ọ dáadáa.

Ta ló ń wá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ní 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Bénin ṣe òfin nọ́ńbà 2024-31, tó fàyè gba àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú lọ láti di ọmọ Bénin. Òfin náà ní kí ẹni tó ń béèrè mú ẹ̀rí wá: ìwé, ẹ̀rí ẹnu tí a ti fọwọ́ sí, tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ADN. Púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ mọ ìlú àti agbolé pẹ̀lú, kì í ṣe orílẹ̀-èdè nìkan.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí ìdílé bá fẹ́ gba titre foncier tàbí tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún, wọ́n ní láti fi hàn pé ọmọ ẹni báyìí ni wọ́n. Ẹ̀kẹta ni àwọn ìdílé fúnra wọn. Àwọn àgbà ń kú, àwọn ọmọ sì wà ní Kútọnu, ní Èkó àti ní Paris.

Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ní Kétu, Bàbá Ẹlẹ́gùn ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú ìtàn àwọn ọba. Lọ́dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Geoffrey Parrinder ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Kétu tó jáde ní 1956. Kò dá a ṣe, ó gbọ́ ọ ni, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má lọ bá àgbà lọ́wọ́ òfo, ẹ má sì fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ẹ kí i, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kó mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ẹ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣi ọ̀dọ́ lọ́nà jù ni orúkọ tí a fi ń pe ẹbí. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò bàbá, bàbá ni. Ọmọ àbúrò bàbá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe lè lọ:

— Ìyá, ẹ ní bàbá yín ni Adéṣínà?

— Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bàbá mi ni.

— Ṣé òun gan-an ló bí yín lọ́mọ, Ìyá, àbí òun ló tọ́ yín?

— Há! Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Bàbá tó bí mi kú kí n tó rìn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí gba ìwádìí là. Bákan náà, ẹ béèrè bóyá ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n tàbí ọmọ bàbá nìkan. Ẹ lọ bá àwọn obìnrin pẹ̀lú, nítorí ìyàwó ilé àti ọmọ oṣù máa ń mọ ohun tí àwọn ọkùnrin kò kà sí. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnìkan má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ojú rẹ̀ ló ṣe é tàbí ó gbọ́ ọ ni, àti lẹ́nu ta.

Oríkì orílẹ̀, èèwọ̀, òrìṣà ilé àti ilà ojú, gbogbo rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ibi tí ìdílé ti wá. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó bí ẹni. Ènìyàn ọgọ́rùn-ún lè ní oríkì orílẹ̀ kan náà láìjẹ́ pé bàbá kan ló bí wọn.

Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí

Àgbà tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní láti ní kàlẹ́ńdà àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́. Ní Kétu: 1886, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey run ìlú. Ní gbogbo agbègbè wa: ogun àwọn Faransé àti Béhanzin, 1892 sí 1894, ogun àgbáyé àkọ́kọ́, 1914 sí 1918, ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án, 20 oṣù karùn-ún 1947, òmìnira, 1 oṣù kẹjọ 1960, ìgbà tí Kérékou gba ìjọba, 26 oṣù kẹwàá 1972, ìgbà tí iye owó CFA já wálẹ̀, oṣù kìíní 1994.

Ẹ béèrè pé: "Nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án, ṣé ẹ ti ń rìn? Ṣé ẹ ti lọ́kọ?" Èsì yẹn sàn ju ọdún tí wọ́n kọ sórí káàdì lọ. Nínú ìwé àwọn àgbà wa, "né vers 1940" ni ẹ máa ń rí. Ẹni tó kọ ọ́ wo ojú lásán ni, ó sì méfò.

Ẹ fi ìṣirò dán ìtàn wò. Láti 1886 títí di òní ti lé ní 130 ọdún. Bí ìran kan bá jẹ́ ọdún 25 sí 30, ó yẹ kí ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún wà láàárín. Bí ìdílé bá ka méjì péré, wọ́n ti fo àwọn kan. Ìtàn ẹnu máa ń fo ẹni tí kò lókìkí, ó sì máa ń sọ baba ńlá di bàbá.

Ìwé, àti ibi tó wà

Ìwé ìbí, ìyẹn acte de naissance, ni ìbẹ̀rẹ̀. Ó wà ní mairie tàbí arrondissement, àwọn ANIP sì ń fún ènìyàn ní èyí tó ní ààbò. Ẹni tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ń gba jugement supplétif nílé ẹjọ́. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé yìí: ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ lọ́jọ́ náà ló wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àbúrò bàbá ni wọ́n kọ sí ipò bàbá kí ọmọ lè wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ Kátólíìkì wúlò púpọ̀. Àwọn àlùfáà Missions Africaines dé Ouidah ní 1861, wọ́n sì dé Àjàṣẹ́ ní 1864. Archives nationales du Bénin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914, wà ní Àjàṣẹ́: ìwé ìjọba Faransé, ìròyìn àwọn ajẹ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè wà níbẹ̀. Apá kan wà ní Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé. Bí ẹbí yín bá wà ní Ìmẹ̀kọ, ẹ rántí pé àdéhùn 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló la ilẹ̀ náà sí méjì. Ìwé ti ọ̀hún wà ní Nàìjíríà, pàápàá ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn.

Orúkọ kan, ọ̀nà ìkọ púpọ̀

Bí ẹ kò bá mọ bí Faransé ṣe ń kọ orúkọ wa, ìwé yóò wà níwájú yín, ẹ kò ní rí i. Wọ́n ń kọ "ou" fún u, "ch" fún ṣ, "dj" fún j. Àjàyí di Adjayi, Adéṣínà di Adéchina, Ògúndélé di Ogoundélé. Lápá Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè jẹ́ Adeshina tàbí Adesina. Kí ẹ tó lọ sí ilé ìwé kankan, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ náà sílẹ̀.

Orúkọ Agudà tún yàtọ̀. Ẹni tó ń jẹ́ da Silva tàbí d'Almeida ní Àjàṣẹ́ kì í ṣe ọmọ Potogí ní dandan. Ó lè jẹ́ ọmọ oníṣòwò, ó sì lè jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Brazil, tí wọ́n fún ní orúkọ ẹni tó rà á, tó wá padà wálé. Púpọ̀ nínú wọn padà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835.

Àwọn olùwádìí ti kó orúkọ tó lé ní 91,000 jọ, ti àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ní Freetown àti ní Havana. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú òyìnbó kò tètè dá orúkọ mọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá ka á jáde ketekete yóò gbọ́ Òjó àti Àìná.

Àpẹẹrẹ kan láti Kétu dé Bahia

Ní Salvador ní Brazil, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Alaketo. Ìtàn ilé náà sọ pé Otampê Ojarô ló dá a sílẹ̀, ọmọ ọba Kétu tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú. Ní tiwa, a mọ̀ pé ìdílé ọba márùn-ún ló wà ní Kétu: Alápínni, Magbó, Àró, Mẹ́ṣà àti Mẹ́fú. Ẹ gbọ́ ìparí orúkọ obìnrin náà: Arô. Òkun ló wà láàárín ìtàn méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n bára mu.

Ẹ̀rí rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tó dé dúró. Ó tọ́ka sí ìdílé. Kò sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kọ èyí gan-an, kò sì ní fi kún un.

Òfin márùn-ún tí àwọn tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan tó ń fún àwọn oníṣẹ́ yìí ní ìwé ẹ̀rí ti wà láti 1964. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, ó sì bá tiwa mu:

1. Kí a wá gbogbo ibi tó yẹ kí a wá.
2. Kí a kọ ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.
3. Kí a gbé àwọn ẹ̀rí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a yẹ̀ wọ́n wò.
4. Bí ẹ̀rí méjì bá ta ko ara wọn, kí a yanjú rẹ̀, kí a má fi ọ̀kan pamọ́.
5. Kí a kọ ìparí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn lè kà, tí yóò sì rí ìdí rẹ̀.

Ní ti ADN, ó lè fi hàn pé ẹni méjì jẹ́ ẹbí tó súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n bó bá kan baba ńlá àtijọ́, agbègbè ló ń sọ, kì í sọ agbolé. Ẹni tó bá ní ADN fi hàn pé ọmọ Kétu ni òun, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

Ọ̀rọ̀ tó lè fọ́ ilé

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ agbolé ńlá, ọmọ ẹrú àti ọmọ ìwọ̀fà wà láàárín wa. Wọ́n ń jẹ́ orúkọ ilé, wọ́n ń jẹ oríkì ilé. Àwọn àgbà mọ̀, wọ́n dákẹ́. Ìwádìí yín yóò kan án lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá sọ ọ́ níta, ẹnìkan lè pàdánù ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ń ro láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìgbéyàwó sì lè tú ká.

Ẹ má purọ́, ẹ má sì polongo. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá ìdílé sọ ọ́ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jáde, kí wọ́n sọ ẹni tí ẹ ó kó o fún. Ohun tí àgbà bá ní kí ẹ má kọ, ẹ má kọ ọ́. Ẹ má gbé orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìdílé méjì bá ń bára wọn ṣẹjọ́, ẹ má gbowó lọ́wọ́ méjèèjì.

Ibi tí a ti ń kọ́ ọ, àti owó

Ẹni tó fẹ́ kàwé lè kọ́ ìtàn ní yunifásítì Abomey-Calavi. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Faransé, yunifásítì Nîmes ń fún ènìyàn ní diplôme nínú ìtàn ìdílé. Ṣùgbọ́n agbolé yín ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ṣe ìran mẹ́rin nínú ilé tiyín, tìyá tìbàbá, pẹ̀lú ẹ̀rí fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ṣe ti ará àdúgbò kan. Iṣẹ́ méjì yẹn ni ẹ ó fi han ẹni tó bá fẹ́ gbà yín.

Ẹ gba owó lórí iye ọjọ́ tí ẹ fi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó ìwé. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ohun tí wọ́n ń wá, iye ọjọ́, àti pé wọn yóò san owó bí ẹ kò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ẹ má gbà láé kí wọ́n san owó lórí ohun tí ẹ bá rí. Ẹni tí wọ́n bá sanwó fún pé kó rí adé, adé ni yóò rí.

Bí ẹ bá ní àgbà kan nílé tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ má dúró de diplôme. Ẹ mú fóònù, ẹ mú obì dání, kí ẹ lọ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí.